Ogun Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta, Ìjókòó Ọdún Méjìlélógójì: Àwọn Ọmọ Ogun Gold Coast ní Ilẹ̀ Tógò

Ní ìlú Tamale, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Ghana, bárékè àwọn ọmọ ogun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kamina. Orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ ọba tàbí ti odò kan ní ilẹ̀ àwọn Dagomba tí wọ́n ni Tamale. Ilẹ̀ Tógò ni Kamina wà, lẹ́bàá ìlú Atakpamé, níbi tí àwọn ọmọ Ifẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Ana tẹ̀dó sí, tí wọ́n sì ń sọ ẹ̀ka kan nínú èdè Yorùbá títí di òní olónìí. Bákan náà ni bárékè kan wà ní Kumasi tí ń jẹ́ Uaddara, tí òmíràn sì wà ní Takoradi tí ń jẹ́ Myohaung. Etiópíà ni Uaddara wà. Bọ́mà ni Myohaung wà. Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni àwọn ọmọ ogun Gold Coast, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe Ghana nígbà náà, ti jà tí wọ́n sì ti ṣẹ́gun.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1941, ẹgbẹ́ ogun ńlá tí a ń pè ní Bùrìgéèdì Kẹrìnlélógún, tí í ṣe ti Gold Coast, gba Uaddara lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì lẹ́yìn ìjà bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú igbó orí òkè. Ní oṣù kìíní ọdún 1945, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ará Gold Coast àti àwọn ará Nàìjíríà wà nínú wọn, gba Myohaung lọ́wọ́ àwọn ará Jàpáànù. Nígbà tí iṣẹ́ ogun tán ní ibi méjèèjì, wọ́n di ẹrù wọn, ọkọ̀ ojú omi sì gbé wọn padà sílé. Ohun tí Etiópíà àti Bọ́mà yóò dà lẹ́yìn náà kò sí ní ọwọ́ wọn, kò sì yí ilé wọn padà.

Ti Kamina kò rí bẹ́ẹ̀. Ogun tí a jà dé ibẹ̀ ní ọdún 1914 kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìjọba tí àwọn ọmọ ogun náà jà fún kò kúrò ní ilẹ̀ tí ó gbà mọ́. Ọdún méjìlélógójì kọjá kí a tó bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ìjókòó yìí so orílẹ̀ kan tí ó ti ya pọ̀, ó sì tún gé òmíràn sí wẹ́wẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìtàn Kamina ń fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí àwọn ọmọ ogun náà jẹ́. Ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ ogun Gold Coast kò ṣàjèjì sí àwọn ará Èkó. Ní ọdún 1873, nígbà tí Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ń múra ogun sí Aṣáńtì, Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, kó àwọn Hausa tí ó ti kọ́ ní iṣẹ́ ogun ní Èkó lọ sí Gold Coast. Láti ara irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a ti dá àwọn ọlọ́pàá ológun Gold Coast sílẹ̀, láti ara àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí ni a sì ti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gold Coast sílẹ̀ ní ọdún 1901. Nígbà tí ó yá, ìjọba yí ojú sí ìhà àríwá Gold Coast, tí Tamale di olú ìlú rẹ̀ ní ọdún 1907. Láti ibẹ̀ ni a ti ń rí púpọ̀ nínú àwọn tí a ń gbà sí iṣẹ́ ogun.

Àwọn Òyìnbó a máa sọ pé a bí ogun mọ́ àwọn ará àríwá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa yóò rí ìdí mìíràn. Ìjọba kò kọ́ ilé-ìwé fún wọn tó nǹkan, kò sì gbin òwò kankan sí ọ̀dọ̀ wọn tí ó lè mú owó wọlé bí kòkó ti ń ṣe fún àwọn ará gúúsù. Wíwa góòlù fún ẹlòmíràn àti gbígbé ìbọn fún ìjọba ni ọ̀nà méjì tí ó ṣí sílẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin. Ẹlòmíràn tilẹ̀ wà tí kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ni ó yan iṣẹ́ náà: ìjọba a bèèrè ènìyàn lọ́wọ́ baálẹ̀, baálẹ̀ a sì fa ẹni tí agbára rẹ̀ ká sílẹ̀. Bí ọmọ náà bá dé bárékè, akọ̀wé a kọ orúkọ rẹ̀, a sì fi orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ ṣe orúkọ baba fún un. Ìdí nìyí tí ìwé orúkọ àwọn ọmọ ogun ìgbà náà fi kún fún Grunshi, Moshi, Dagarti àti Frafra. Bí ẹni pé a kó ọ̀dọ́mọkùnrin láti Abẹ́òkúta, láti Ìjẹ̀bú àti láti Èkìtì, tí a sì pe gbogbo wọn ní Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì láìbèèrè orúkọ baba wọn.

Ilẹ̀ tí wọ́n ti wá pẹ̀lú ti ní ọgbẹ́ kí ogun tó dé. Dagbon, ìjọba àwọn Dagomba, jẹ́ ìjọba àtijọ́ tí ọba rẹ̀, Ya Na, ń jókòó lórí awọ ẹran ní ìlú Yendi, gẹ́gẹ́ bí ọba tiwa ti ń jókòó lórí ìtẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1896, àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣẹ́gun àwọn Dagomba ní Adibo, wọ́n sì dáná sun Yendi. Ní ọdún 1899, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì fi ìwé pín ilẹ̀ náà láàrin ara wọn. Yendi àti Ya Na bọ́ sí ọwọ́ Jámánì. Tamale, Savelugu àti Karaga bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti Tamale dé Yendi kò ju nǹkan bí ọgọ́ta máìlì lọ. Kò sí ẹni tí yóò tètè mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń dunni bí ọmọ Yorùbá, tí ó mọ̀ pé Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ Faransé nígbà tí Ọ̀yọ́ àti Ifẹ̀ wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ti àwọn Dagomba tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé olórí wọn gan-an ni a gé kúrò lára wọn. Ó dàbí ẹni pé Aláàfin wà lábẹ́ Òyìnbó kan, tí Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lábẹ́ òmíràn.

Báyìí ni nǹkan rí nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914. Jámánì kò ní ọmọ ogun gidi ní Tógò; àwọn ọlọ́pàá ni ó ní, pẹ̀lú ìwọ̀nba Òyìnbó tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba àti òwò. Von Doering, tí ń dúró fún gómìnà, tilẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé kí Tógò má dá sí ìjà náà. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kò gbà. Ìdí tí wọn kò fi gbà ni Kamina. Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá kan síbẹ̀ ni, tí òpó rẹ̀ ga fíofío, tí ó sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè bá ibùdó Nauen, lẹ́bàá Berlin, sọ̀rọ̀ tààrà. Láti ibẹ̀ ni a lè ti máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ ogun Jámánì lórí òkun. Ilé kan ṣoṣo nínú igbó ni ó sọ gbogbo ilẹ̀ Tógò di ojú ogun.

Bryant, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Gold Coast, gúnlẹ̀ sí Lomé ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ. Àwọn Jámánì ti fi Lomé sílẹ̀, wọ́n ti fà sẹ́yìn lọ sí ìhà Kamina. Àwọn Faransé náà wọlé láti Dahomey. Ọ̀nà rélùwéè tí ó lọ láti Lomé sí Atakpamé ni àwọn ọmọ ogun Bryant tẹ̀ lé, tí àwọn alárù sì ń ru oúnjẹ àti ọta ìbọn tẹ̀ lé wọn. Nínú oṣù yìí kan náà ni ọmọ àríwá kan, Alhaji Grunshi, yin ìbọn tí ìtàn kò gbàgbé: a gbà pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú gbogbo ọmọ ogun ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó yìnbọn sí ọ̀tá lórí ilẹ̀ nínú ogun náà. Ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó yin ìbọn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, lẹ́bàá Mons ní Bẹ́ljíọ̀mù.

Ní ọjọ́ 22 yìí gan-an ni ìjà tí ó le jù lọ ní Tógò ṣẹlẹ̀, ní etí odò Chra, ní ìletò tí a ń pè ní Wahala. Àwọn Jámánì ti wó afárá rélùwéè, wọ́n ti gbẹ́ ihò sílẹ̀, wọ́n sì fi ìbọn arọ̀jò-ọta dúró de àwọn tí ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ṣubú níbẹ̀. Lára àwọn tí ó kú ni Thompson, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan tí a fi ṣe olórí àwọn ọmọ ogun Faransé láti Senegal. Àárín àwọn ọmọ Senegal tí wọ́n bá a kú ni a sin ín sí. Lẹ́yìn èyí, àwọn Jámánì rí i pé àwọn kò lè di ibùdó wọn mú mọ́. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wó òpó Kamina lulẹ̀. Ní ọjọ́ 26, wọ́n túúbá. Nínú oṣù kan náà ni àwọn ọmọ ogun láti ìhà àríwá Gold Coast ti wọ Yendi.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn parí sí, ìtàn ogun kékeré kan ni ìbá jẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun náà kò tilẹ̀ sinmi. A kó wọn lọ sí Kamerúùnù nínú ọdún kan náà. Ní ọdún 1916 a tún kó wọn lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà, wọn kò sì padà títí di ọdún 1918. Alhaji Grunshi wà nínú àwọn tí ó la gbogbo rẹ̀ já, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fún ìgboyà rẹ̀. Àwọn tí àìsàn pa nínú ogun Ìlà Oòrùn Áfíríkà pọ̀ ju àwọn tí ìbọn pa lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wọn, ní Tógò, iṣẹ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ jíjókòó ti ilẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà kan fún ìgbà díẹ̀. Lomé, pẹ̀lú èbúté rẹ̀ àti orí ọ̀nà rélùwéè, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yendi pẹ̀lú bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Atakpamé àti ìhà ìlà oòrùn bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Àwọn ọ̀gá ológun àti àwọn ajẹ́lẹ̀ ń gba owó ibodè, wọ́n ń dájọ́, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ̀nà. Nítorí pé ogun kò tíì parí ní Yúróòpù, kò sí ẹni tí ó lè sọ fún ará ìlú pé ta ni olúwa wọn yóò jẹ́ lọ́la. Ọ̀rọ̀ ìgbà díẹ̀ yìí ni ó wá di ọ̀rọ̀ àìlópin.

Ní Yendi, ìjókòó náà dàbí ìwòsàn. Ya Na Alhassan, tí ó ti wà lórí awọ láti ọdún 1899, rí i pé ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ láàrin òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìhà Tamale, ó sì bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí a tún pín Dagbon mọ́. Ó kú ní ọdún 1917, kò sì rí ìdáhùn. Ọdún mẹ́ta ni awọ Yendi fi ṣófo. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1919, Milner fún Gẹ̀ẹ́sì àti Simon fún Faransé fi ọwọ́ sí ìwé ààlà titun, ìwé náà sì fi Dagbon sí apá kan ṣoṣo. Ní ọdún 1920, Abdulai Kejì jẹ Ya Na. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogún ọdún, ìjọba kan náà ni Yendi àti Tamale ń dá lóhùn.

Ṣùgbọ́n ìwé kan náà tí ó wo ọgbẹ́ Dagbon sàn ni ó dá ọgbẹ́ sí ara àwọn Ewe. Láti ọdún 1914, púpọ̀ nínú àwọn Ewe ni ó ti wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà ní Lomé. Àwọn ènìyàn ńlá ìlú Lomé, tí Octaviano Olympio wà lára wọn, kọ̀wé fi ẹ̀hónú hàn ní ọdún 1919 pé àwọn kò fẹ́ kí a fa àwọn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. A kò gbọ́ tiwọn. Ní ọdún 1920, Gẹ̀ẹ́sì gbé Lomé fún Faransé. Ọkùnrin tí oko rẹ̀ wà ní ìhà kan tí ọjà rẹ̀ sì wà ní ìhà kejì bẹ̀rẹ̀ sí san owó ibodè lórí iṣu tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ho, ọmọ àbúrò ń kọ́ Faransé ní Lomé. Ní ọdún 1922, Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-Èdè fi àṣẹ sí ìpín náà: apá ìwọ̀ oòrùn ni a fi sí ìkáwọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ó máa bá wọn tọ́jú rẹ̀, apá ìlà oòrùn ni a fi sí ìkáwọ́ Faransé.

Àwọn mìíràn wà tí a kò tilẹ̀ bi léèrè rárá. Àwọn Konkomba, tí wọ́n ń dáko yí Yendi ká, rí i pé ààlà titun gba àárín wọn kọjá, àti pé àwọn tí ó kù sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì ni a fi sábẹ́ àwọn olóyè Dagomba. Nígbà tí ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Ghana ní ọdún 1994 lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè, kì í ṣe àná ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Ifẹ̀ ní Atakpamé náà, tí Kamina wà lẹ́bàá ilé wọn, jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan wọ́n rí i pé èdè àwọn ọ̀gá ti yí padà. Ìbọn ni ó dún ní ẹ̀yìnkùlé wọn, ṣùgbọ́n wọn kò sí níbi tí a ti ń jíròrò.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni ó kan àwọn ọmọ ogun nínú gbogbo èyí. Ó kàn wọ́n púpọ̀. Àwọn ni wọ́n fi ẹsẹ̀ gba ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a pè láti wá sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń pín in. Àwọn ọmọ wọn ni a kó lọ sí Uaddara àti sí Bọ́mà, tí a sì sọ fún pé nítorí òmìnira àwọn orílẹ̀-èdè ni wọ́n ṣe ń jà. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, wọ́n sì bá a padà sílé. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, àwọn tí ó ti ogun bọ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní Accra láti gbé ẹ̀bẹ̀ wọn lọ bá gómìnà. Ọ̀gá ọlọ́pàá Òyìnbó kan yìnbọn sí wọn, Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey sì kú. Láti ọjọ́ náà ni ìrìn Gold Coast sí òmìnira ti di eré sísá.

Ọ̀rọ̀ Tógò pẹ̀lú padà sórí pápá. Àwọn Ewe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1946 láti bèèrè ìṣọ̀kan, Sylvanus Olympio sì gbé ẹ̀bẹ̀ wọn dé iwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọdún 1947. Níkẹyìn, ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1956, a ṣe ohun tí a kò ṣe ní ọdún 1914 àti ní ọdún 1919: a bi àwọn ará Tógò tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì léèrè. Ẹgbàá mẹ́rìndínláàádọ́ta àti lé, èyíinì ni 93,095, dìbò pé kí àwọn dara pọ̀ mọ́ Gold Coast. 67,492 dìbò pé kí àwọn dá dúró. Ìhà àríwá, ní Yendi àti àyíká rẹ̀, fẹ́ ìdàpọ̀ tọkàntọkàn, nítorí pé ìdàpọ̀ ni ó pa Dagbon mọ́ ní ọ̀kan. Ní Ho àti Kpandu, níbi tí àwọn Ewe pọ̀ sí, èyí tí ó pọ̀ jù kọ̀ ọ́. Iye ti àríwá borí. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957, gbogbo wọn di ọmọ Ghana. Tógò ti Faransé gba òmìnira tirẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960, ààlà ọdún 1919 sì di ààlà orílẹ̀-èdè méjì.

Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ogun a máa rí i pé orúkọ ọ̀gágun àti ọjọ́ ìjà ni ó rọrùn jù lọ láti kọ sára pátákó. Ó dára kí ọmọ mọ Chra àti Kamina. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ ọjọ́ tí àwọn Jámánì túúbá tí kò sì mọ ọjọ́ tí Milner àti Simon fi ọwọ́ sí ìwé, ìdajì ìtàn ni ó mọ̀. Kí a fi àwòrán ilẹ̀ Ghana sí iwájú rẹ̀, kí a fi ìka tọ ààlà ìhà ìlà oòrùn láti òkun dé àríwá, kí a sì bi í léèrè pé ta ni ó fa ìlà náà, ta ni a bi léèrè, ta ni a kò bi.

Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí ilé Yorùbá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ọ̀fà àti Ìlọrin kún ọjà Tamale, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé náà tàbí kí wọ́n kúrò, ọjà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó di ẹrù nígbà náà ni a bí sí Tamale gan-an, tí wọ́n ń gbọ́ Dagbani bí ọmọ onílẹ̀. Àwọn ìlà tí àwọn Òyìnbó fà sórí ìwé ni ó sọ wọ́n di àlejò, gẹ́gẹ́ bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti sọ ọmọ Ewe di àlejò ní oko baba rẹ̀. Bárékè Kamina ṣì wà ní Tamale, àwọn ọmọ ogun ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ó tọ́ kí àwọn ọmọ tí ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sí ilé-ìwé mọ ohun tí orúkọ náà ń rántí, kí wọ́n sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìró ìbọn ti dákẹ́.